Ìrun tí Wọ́n Kí sí Bọ̀ọ̀dá Bùráímọ̀ Lára

Iṣẹ́ àárọ̀ mi lọ́dún yẹn ni kí n gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, kí n pọn omi láti ìdí ẹ̀rọ tó wà ní oríta, kí n sì lọ wò ó bóyá Bọ̀ọ̀dá Bùráímọ̀ ti kú dáadáa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá mi ni Bọ̀ọ̀dá. Télọ̀ ni, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ fèrèsé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa n'Ísàlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n mọ́ ni òkú ṣíṣe. Bí ẹgbẹ́ eléré kan bá fẹ́ ṣe eré tí òkú máa jí nínú rẹ̀, tàbí tí iwin máa yọ láti inú igbó, òun ni wọ́n ń wá wá. Ó ga, ó tín-ín-rín, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ síta, ó sì lè la ojú sílẹ̀ láìṣẹ́ ẹ títí omi yóò fi máa dà lójú ẹni tó ń wò ó. Àràárọ̀ ló máa ń fi í dánra wò. Bí a bá ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tán, á dùbúlẹ̀ lórí ẹní, èmi á mú ìyẹ́ adìẹ kan, màá fi í síbi ihò imú rẹ̀ bóyá á mì. Bí ó bá mì, màá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò tíì kú o." Á bú sẹ́rìn-ín, á tún dùbúlẹ̀ padà. Èmi ni mo máa ń bínú, nítorí mo fẹ́ kó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ju gbogbo eléré Èkó lọ.

Bí mo bá ń pe àwọn àgbà wọ̀nyí ní "ó", ẹ má bá mi jà. Èmi fúnra mi ti dàgbà ju bí wọ́n ṣe wà nígbà náà lọ, ẹnu sì ti rẹ̀ mí. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi àti Bọ̀ọ̀dá, kò fẹ́ràn iṣẹ́ òkú yìí rárá. Ó ń ta bútà àti ẹní ìkírun lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì lọ́dún yẹn, débi pé ohùn ló fi ń dá àwa ọmọ ilé mọ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Ó lè jókòó sí àárín agboolé kó máa ṣa ẹ̀wà, kó sì sọ ohun tó ń lọ ní gbogbo ilé fún ọ: ìyá mi tó ń lọ ata, ọkọ̀ ojú omi tó ń fun fèrè lápá Marina, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ní CMS, ládàánì wa tí ikọ́ kì í jẹ́ kó pe ìrun parí, àti ẹ̀rọ ìránṣọ Bọ̀ọ̀dá tó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Bí ẹ̀rọ yẹn bá ti dákẹ́, ó ti mọ̀ pé ọmọ òun tún ti dùbúlẹ̀. Á ní, "Bùráímọ̀, bí o bá ti ọ̀run dé, bá mi lẹ bùbá mi tó ya." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín ló máa wá sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀, pé ohun tí a kì í jẹ, a kì í fi í run imú. Mo rò pé oúnjẹ ló ń sọ nígbà náà.

Ohun tó ń mú un fara dà á ni pé Bọ̀ọ̀dá fẹ́ gbéyàwó. Sìdíkátù lorúkọ ìyàwó àfẹ́sọ́nà náà, Sìdí là ń pè é. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ó ń ta mílíìkì alágolo àti sadíìnì ní Òkè Àrin, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti gbà kí Bọ̀ọ̀dá fẹ́ ọmọ òun. Ohun tó kù kò ju kí àfáà so yìgì lẹ́yìn ààwẹ̀. Nínú gbogbo èèyàn tí mo mọ̀, Sìdí nìkan ni ojú òkú Bọ̀ọ̀dá kì í bà lẹ́rù. Tó bá dé ilé wa tó bá a lórí ẹní, tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbàù, á kàn fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tì í, á ní, "Ẹ dìde, ọkọ mi, oúnjẹ ti tutù." Òkú á sì dìde. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé ọmọbìnrin yẹn nìkan ló lè mú Bùráímọ̀ padà sí àárín èèyàn, pé bí kò bá fẹ́ ẹ, ilé àti ọmọ kò sí fún un mọ́, nítorí ta ni ìyá rẹ̀ máa gbà kó fẹ́ òkú? Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn, kò mọ̀ pé ó máa dé bá òun nílé.

Òyìnbó kan ló wá sí Èkó tó fẹ́ ya sinimá àkúdàáyà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń wo fíìmù lórí fóònù nínú mọ́tò, tí ẹ ní ẹ̀rù ń bà yín, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Àkúdàáyà ni ẹni tó kú sí ìlú rẹ̀, tí wọ́n sin ín, tí wọ́n sunkún ẹ̀ tán, tí wọ́n tún wá rí i ní ìlú mìíràn tó ti níyàwó, tó ń tajà bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá fojú kàn án níbẹ̀ ló máa pòórá. Òyìnbó náà ti rí Bọ̀ọ̀dá nínú eré kan, ó ní irú ojú tí òun ń wá kiri nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù fún òun, ó bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láṣọ, ó sì bá wọn lọ sí ìlú etí omi kan lápá Ẹ̀pẹ́. Ilé wa dákẹ́ láwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Mo ń gbálẹ̀ tán láìní òkú tí mo máa lọ wò, ara mi ò sì lélẹ̀.

Ó padà dé pẹ̀lú fìlà tuntun àti ikọ́ díẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọdé. Gbogbo wa yí i ká. Ìyá mi gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja tútù síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò ráyè oúnjẹ. Ó ní òyìnbó náà ní dandan, gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ rí bó ṣe ń rí nílé mùsùlùmí. Wọ́n wẹ̀ ẹ́ lórí pákó. Wọ́n di òwú sí i nímú àti létí. Wọ́n fi aṣọ funfun dì í láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n gbé e síwájú, àwọn èèyàn tò sẹ́yìn ìmáàmù, wọ́n sì kírun sí i lára. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀ bá wá rí mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mò ń mí." Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àtẹ. Ó ní, "Wọ́n ṣe kí ni sí ọ lára?" Bọ̀ọ̀dá ní, "Wọ́n kírun. Eré ni, Ìyá." "Ìrun wo?" "Ìrun òkú ni kẹ̀." Ìyá Àgbà ní, "Wọ́n dúró kí i tán?" Ìgbà yẹn ni Bọ̀ọ̀dá fi òkèlè tó mú lọ́wọ́ sílẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀, ojú òun wà nínú aṣọ, òwú wà létí òun, kábárà ìmáàmù, Ọlọ́run tóbi tó ń pè, nìkan ni òun ń gbọ́ bí ẹni pé láti òkèèrè. Ìyá Àgbà gbé àtẹ ẹ̀wà kalẹ̀, ó wọlé lọ ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ àkókò ìrun kò tíì tó.

Ọ̀rọ̀ tó bá ti dé àárín agboolé, kì í pẹ́ kó tó dé Òkè Àrin. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Bàbá Sìdí wọlé, Àfáà Sùlé tó yẹ kó so yìgì náà tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ìyá mi gbé omi fún un, kò mu ún, a sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ní, "Ìyá Bùráímọ̀, ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè fi ọmọ mi fún ẹni tí wọ́n ti kírun sí lára. Tí Ọlọ́run bá bi mí, kí ni màá wí? Pé mo mú ọmọ mi so mọ́ òkú?" Ìyá Àgbà ní, "Àna mi, ọmọ yín rèé lórí àga. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́ ni? Òkú kì í wúkọ́." Bàbá Sìdí ní, "Ikọ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, Ìyá." Àfáà Sùlé yí tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní nínú gbogbo ìwé tí òun kà lọ́dọ̀ olùkọ́ òun, òun ò rí ibi tí wọ́n ti kírun òkú sí ẹni tó ń mí lára, kí wọ́n tún wá so yìgì rẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Ìdúró ni ìrun òkú. A kì í dáwọ́ tẹ orúnkún nínú rẹ̀, a kì í forí kanlẹ̀, nítorí òkú ló wà níwájú, Ọlọ́run nìkan là á sì forí kanlẹ̀ fún. Bí àwọn tó tò sẹ́yìn yẹn bá dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ti kí i nìyẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá forí kanlẹ̀, eré lásán ni wọ́n ń ṣe, kò sí ìrun níbẹ̀, màá so yìgì." Òyìnbó ti gbé fíìmù rẹ̀ lọ sílùú wọn, àwọn tó tò sẹ́yìn sì ti túká, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí a ti lè rí wọn. Àfáà ní nígbà tí sinimá náà bá dé Èkó, kí ọkùnrin kan àti obìnrin méjì lọ wò ó, kí wọ́n wá jẹ́rìí fún òun. Bàbá Sìdí ní òun gan-an ni ọkùnrin náà. Ó ní òun á dúró de sinimá yẹn nítorí ojú Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n oníṣòwò ìrẹsì kan ti ń béèrè Sìdí, bí ẹ̀rí bá sì burú, òun á fi í fún un.

Kò sẹ́ni tó ṣépè fún wa, kò sẹ́ni tó bú wa, síbẹ̀ ilé wa dà bí ilé tó ń retí nǹkan. Ikọ́ Bọ̀ọ̀dá di ibà. Ìyá mi ń se àgbo, Ìyá Àgbà ń fi ọwọ́ kan ìwájú orí rẹ̀, ètè òun náà ń lọ lábẹ́lẹ̀. Àdúrà tí wọ́n máa ń ṣe fún òkú nínú ìrun yẹn, pé kí Ọlọ́run gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó mọ̀ ọ́n lórí, ohun tó sì ń bẹ̀rù ni pé Ọlọ́run ti gbọ́ ọ. Obìnrin kan wá gba aṣọ tó kó fún Bọ̀ọ̀dá, kò tíì gé e rárá, ó ní òun ti rí télọ̀ mìíràn. Bàbá mi, ọmọ ìyá rẹ̀ kan náà, ẹ gbọ́ o, kò bá a jẹun nínú àwo kan náà mọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, kí ìyá rẹ̀ lè máa gbọ́ ọ. Wọ́n ti ní kí Sìdí má wá mọ́. Ó máa ń dúró dè mí nídìí ẹ̀rọ omi, á bá mi gbé garawa lérí, á ní, "Ràbí, ṣé ó jẹun láàárọ̀?" Mo máa ní ó jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ ni nígbà mìíràn. Ìyẹ́ adìẹ mi ṣì ní iṣẹ́. Ìyá Àgbà ló ń rán mi báyìí, kí n lọ fi í síbi imú Bọ̀ọ̀dá kó tó jí, kí n wá sọ fún òun bóyá ó mì. Ìyẹ́ tí mo ti máa ń bínú sí tó bá mì, òun ni mo wá ń bẹ̀ pé kó jọ̀ọ́ mì.

Òjò ti dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n lẹ àwòrán Bọ̀ọ̀dá mọ́ ògiri ilé sinimá, ojú gbàù, aṣọ funfun lọ́rùn. Ìyá Àgbà kò wọ ilé sinimá rí láyé rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Àìlà, ó wé gèlè rẹ̀, ó mú tẹ̀sùbáà, ó pe ìyá mi tó máa jẹ́ obìnrin kejì, ó sì pe èmi náà. Ó ní, "Ojú mi ò ríran jìnnà. Ojú tìrẹ ni màá fi wò ó. Ẹ̀rù máa ba gbogbo wọn, gbogbo wọn ló máa dijú. Ìwọ má dijú." Mo ní mo gbọ́. Bọ̀ọ̀dá jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí à ń jáde, kò tẹ̀ ẹ́, kò sì wò wá. Bàbá Sìdí ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà nínú agbádá ńlá, ó kí Ìyá Àgbà bó ti yẹ. A jókòó: ìyá mi, èmi, Ìyá Àgbà, Bàbá Sìdí. Òkùnkùn ṣú, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn níta.

Bọ̀ọ̀dá kú láìpẹ́. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í, wọ́n gbé e síwájú, àwọn èèyàn tò. Kí ìmáàmù tó gbọ́wọ́ sókè, sinimá náà wá fi ojú òkú hàn wá lábẹ́ aṣọ, ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn ilé wa lọ, ojú náà sì là. Ariwo sọ. Àwọn kan ń pe Ọlọ́run, àwọn kan ń pe ìyá wọn. Ìyá mi fi ìborùn bojú. Bàbá Sìdí, ọkùnrin tí Òkè Àrin ń gbọ̀n fún, gbé apá agbádá rẹ̀ bo orí. Ṣùgbọ́n èmi mọ ojú yẹn, mo ti fi ìyẹ́ yí i ká láìmọye ìgbà, n kò sì dijú. Ìyá Àgbà di ọwọ́ mi mú. "Ràbí, kí ni wọ́n ń ṣe?" Mo ní, "Ìmáàmù ti kábárà. Wọ́n dúró." Tẹ̀sùbáà rẹ̀ ń ró ní kóró kóró. "Báyìí ńkọ́?" "Wọ́n ṣì dúró, Ìyá Àgbà." Sinimá tún padà sí ojú òkú, ariwo tún sọ, ó pẹ́ lójú mi. Nígbà tó padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn náà, wọ́n ṣì dúró. Ó ní, "Ńkọ́?" Mo tún ní wọ́n dúró. Tẹ̀sùbáà dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ tó di tèmi mú tutù, mo sì mọ̀ pé ó ti ń sin ọmọ rẹ̀ lọ́kàn. Ìmáàmù kábárà. Ẹ̀yìn ọkùnrin kan níwájú tẹ̀, ti ẹnìkejì rẹ̀ tẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ti dáwọ́ tẹ orúnkún." Ó ní, "Má purọ́ fún mi." Mo ní, "Wọ́n ń lọ sílẹ̀. Wọ́n ti forí kanlẹ̀, Ìyá Àgbà, gbogbo wọn." Ó dìde dúró. Ó fa apá agbádá kúrò lórí Bàbá Sìdí, ó ní, "Àna mi, ẹ wò ó. Ẹ la ojú yín kí ẹ wò ó." Ó tún gbá ìborùn ìyá mi. Àwọn méjèèjì wò ó, wọ́n sì bá àwọn èèyàn náà lórí ilẹ̀, tí ìdí gbogbo wọn wà lókè. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lóhùn òkè láàárín ilé sinimá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, débi pé àwọn tó jókòó nítòsí rò pé òkú náà ti dà á lórí rú, wọ́n sì sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Níta, nínú oòrùn, Bàbá Sìdí tún agbádá rẹ̀ ṣe, ojú ń tì í díẹ̀. Inú ń bí i. Ó ní irú ìrun wo rèé, pé àwọn wọ̀nyẹn ò mọ ìrun kí rárá, pé níbo ni òyìnbó ti ṣa irú wọn jọ. Ó bú wọn títí a fi dé oríta ilé wa, kó tó wá sọ fún Ìyá Àgbà pé òun á kọjá sọ́dọ̀ Àfáà Sùlé kí òun tó padà sọ́jà. Ẹ̀yìn ìgbà náà la gbọ́ pé akọ̀wé àti ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ nínú àwọn tó tò yẹn, àti pé òyìnbó ló ní kí wọ́n forí kanlẹ̀ kó lè wù ú lójú. Ọlọ́run bá wa kẹ́ ẹ. Nígbà tí a wọlé, Bọ̀ọ̀dá ṣì wà lórí àga rẹ̀. Ìyá Àgbà kò sọ nǹkan kan fún un ju pé, "Bùbá mi ṣì ya o." Ó gba bùbá náà, ó fi sábẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. N kò rí ibi tí òkú ti jí nínú sinimá yẹn títí di òní, nítorí a ò padà wọlé lọ wo èyí tó kù.

Wọ́n so yìgì wọn. Bọ̀ọ̀dá kò fi eré sílẹ̀, ó tilẹ̀ wá lókìkí débi pé àwọn èèyàn máa ń ya sí òdì kejì títì tí wọ́n bá pàdé rẹ̀ ní Marina, ìyẹn sì dùn mọ́ ọn púpọ̀. Ó ṣe iwin, ó ṣe àǹjọ̀nú, ó ṣe oríṣiríṣi ohun tó ń jáde láti inú kànga. Ṣùgbọ́n kò dùbúlẹ̀ ṣe òkú fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́, á ní òun máa ń dẹ́rù bani ní ìdúró ni. Ó darúgbó sílé náà, ó gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ, ìgbà tí mo débẹ̀, Sìdí jókòó tì í lórí ẹní, ó ń fi ọwọ́ tì í léjìká jẹ́jẹ́, ó ní kó dìde, oúnjẹ ti tutù. A kò sọ fún un pé kó dákẹ́.

Wọ́n gbé e síwájú kí ìrun Aṣárì tó tó. Àwa obìnrin wà lójú fèrèsé òkè, àwọn ọkùnrin tò nísàlẹ̀, títí dé ẹnu ọ̀nà àwọn ará ilé kejì. Ìmáàmù kábárà. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti bojú, wọ́n ń sunkún. Èmi kò dijú. Mò ń wo ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń retí kí ẹnì kan ṣèèṣì, kí ọmọ kan tí kò mọ ìrun kí tẹ̀ síwájú, kó forí kanlẹ̀. Wọ́n mọ ìrun kí, gbogbo wọn. Wọ́n dúró títí ìmáàmù fi sálámà parí ìrun, wọ́n sì gbé e lọ.